Ẹnu Le, Ẹ̀yìn Rọ̀: Irin Méjì Nínú Ọ̀bẹ Kan

Àwọn àgbà ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. A máa ń pa òwe yìí fún ẹni tó gbọ́n títí tó fi gbàgbé pé òun náà nílò ẹnìkejì. Lónìí, mo fẹ́ kí a fi èèkù sílẹ̀ ná, kí a wo irin ọ̀bẹ fúnra rẹ̀. Ìbéèrè kan délẹ̀ tó kan gbogbo ẹni tó ń bọ Ògún, tó ń fi irin búra, tàbí tó ń fi ọ̀bẹ rúbọ: ṣé irin kan ṣoṣo ni ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí Ògún tó gbà á?

Ibi tí ìbéèrè náà ti wá rèé. Ní àsìkò ọdún Ọlọ́jọ́ kan níhìn-ín ní Ilé-Ifẹ̀, ọmọ òrìṣà kan tó wá láti Amẹ́ríkà mú ọ̀bẹ rẹ̀ lọ bá àgbà kan tó ń bọ Ògún, kí bàbá náà lè bá a gbé e sí ojúbọ ilé rẹ̀. Ọ̀bẹ tó ń ká ni, irú èyí tí irin rẹ̀ máa ń padà sùn sínú èèkù bí ìgbín ṣe ń wọ ìkarahun. Bàbá ṣí i, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó sì rí ilà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba àárín ẹnu ọ̀bẹ àti ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.

"Ọmọ mi, kí ni pupa yìí?"

"Bàbà ni, Bàbá. Irin méjì ni wọ́n fi ṣe é. Bàbà yẹn ló so wọ́n pọ̀."

Bàbá ká ọ̀bẹ náà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún un. "Ti Ògún ni irin. Irin tí a lẹ̀ pọ̀ bí àwo tó fọ́, èmi ò mọ ohun tí Ògún yóò wí sí i. Mú un lọ ná."

Àgbà kejì tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, pé irin ni irin ń jẹ́. Wọ́n jiyàn díẹ̀, wọn kò sì parí rẹ̀. Nígbà tí a jáde, arákùnrin náà sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn fún mi: "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀bẹ yìí ni mo fi búra nígbà tí mo gba Ògún. Ṣé ìbúra mi ti di òfo ni?"

N kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, nítorí ìbúra kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń dáhùn lórí ìrìn. Ní orílẹ̀-èdè wa yìí, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ tó bá dé kóòtù lè fi irin búra, bí Kìrìsìtẹ́nì ṣe ń fi Bíbélì búra, tí Mùsùlùmí sì ń fi Kùránì. Irin náà ni ẹlẹ́rìí. Bí àbùkù bá wà lára ẹlẹ́rìí, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní kékeré. Mo bá ní kó fún mi ní ọjọ́ díẹ̀, kí n lọ bi àwọn tó mọ irin léèrè.

Èédú ló ń mú irin le

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká mọ̀ ni pé irin kì í ṣe irú kan. Ohun tó ya irin líle sọ́tọ̀ kúrò lára irin rírọ̀ kò ju èédú lọ. Nígbà tí a bá ń fi èédú yọ́ òkúta tí irin wà nínú rẹ̀, díẹ̀ nínú èédú náà máa ń wọ ara irin, á sì máa gbé ibẹ̀. Kábọ́ọ̀nù ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe ohun tó wọlé yìí.

Bí a bá pín ìwúwo irin sí ọ̀nà 1,000, èédú tó wà nínú ìṣó lásán kò ju bí ọ̀nà 1 tàbí 2 lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi lè tẹ ìṣó, ká tún fi òòlù nà án, tí kò ní ṣẹ́. Sípírín abẹ́ mọ́tò, tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa fẹ́ràn jù lónìí, ní bíi ọ̀nà 6. Ìyẹn le dáadáa. Ṣùgbọ́n bí èédú bá kọjá ọ̀nà 20, irin náà di irin dídà, irú èyí tí wọ́n fi ṣe ẹsẹ̀ maṣíìnì ìránṣọ àtijọ́. Ẹni tó bá ti rí i kí irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ já lu sìmẹ́ǹtì mọ̀ pé ó lè fọ́ bí àwo.

Ibẹ̀ ni wàhálà ọ̀bẹ ti bẹ̀rẹ̀. Irin tó le máa ń gba mímú, ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó kú, ṣùgbọ́n bí a bá fi gbá egungun tàbí tó bá já lulẹ̀, ó lè ṣẹ́. Irin tó rọ̀ kì í ṣẹ́, ó máa ń tẹ̀ ni, ṣùgbọ́n a kì í pọ́n ọn tán kí ó tó kú. Ẹni tó ń ṣe ọ̀bẹ fẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ irin kan ṣoṣo kì í fẹ́ fún un ní méjèèjì.

Ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ ìran alágbẹ̀dẹ dá sí i káàkiri ayé jọra. Àwọn ará Japan máa ń fi irin líle bo irin rírọ̀ nínú idà wọn, kí ara rẹ̀ le, kí inú rẹ̀ sì rọ̀. Ní ìlú Mora ní Sweden, wọ́n ń ṣe ọ̀bẹ tí irin líle wà láàárín, tí irin rírọ̀ méjì sì há a mọ́ àárín bí ìgbà tí èèpo bo ẹ̀pà. Ní Yúróòpù àtijọ́, nígbà tí irin líle wọ́n, ara àáké jẹ́ irin rírọ̀, ẹnu rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fi irin líle sí.

Ọ̀bẹ arákùnrin wa náà wá láti inú ìdílé ọgbọ́n yìí. Iléeṣẹ́ Kershaw ní Amẹ́ríkà ló ṣe é. Irin tó wà ní ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní D2. Èédú inú rẹ̀ tó bíi ọ̀nà 15 nínú 1,000, nítorí náà ó máa ń pẹ́ kí ó tó kú, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ dènà ìpẹtà. Irin ẹ̀yìn rẹ̀ ni 14C28N, tí iléeṣẹ́ Sandvik ti Sweden ṣe àgbékalẹ̀ rẹ̀. Èédú tiẹ̀ kò ju bíi ọ̀nà 6 lọ, ṣùgbọ́n kùrómíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀ tó bíi ọ̀nà 140, nítorí náà ìpẹtà kì í yá lára rẹ̀, ó sì ní sùúrù ju ti ẹnu lọ.

Wọ́n gé etí irin méjèèjì kí wọ́n lè wọnú ara wọn. Bàbà ni wọ́n wá fi sí àárín. Bàbà máa ń yọ́ bí iná bá dé ìwọ̀n 1,085 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní ìwọ̀n yẹn, irin méjèèjì ti pọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì dúró gbọin, wọn kò tíì yọ́. Bàbà tó yọ́ náà á wá fà wọ inú àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín wọn, bí epo ṣe ń gun òwú fìtílà. Tó bá tutù, ó ti di wọ́n mú. Ilà pupa tí Bàbá rí nìyẹn.

Ohun tí alágbẹ̀dẹ fi hàn mí

Èyí tí mo kà nínú ìwé kò tó mi. Mo gba àgbẹ̀dẹ kan lọ nínú ìlú Ifẹ̀ níbí, níbi tí wọ́n ti ń rọ àdá àti ọ̀bẹ láti ara sípírín ọkọ̀.

"Àrọ̀ yè o, Bàbá!"

"Ògún á gbè ọ́, ọmọ mi. Jókòó, ṣùgbọ́n má jókòó síbi tí iná á ti ta sí ẹ lára."

Mo rò fún un, láti orí ilà pupa títí dé orí ìbúra. Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé irin méjì nínú ọ̀bẹ kan ló ń dà yín láàmú? Dúró kí o wo èyí."

Ọ̀bẹ kan wà nínú iná tí ó ti rọ tán. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ ẹwìrì sí i. Nígbà tí ọ̀bẹ náà pọ́n bí oòrùn àṣálẹ́, ó fi ẹmú gbé e. Kò ju gbogbo rẹ̀ sínú omi. Ẹnu ọ̀bẹ náà nìkan ló tì bọ omi, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà lókè, ó ṣì pọ́n. Omi ké ṣàà. Ó yọ ọ́ kíákíá, ó fi òkúta ha ara rẹ̀ kí ó lè dán, ó sì ní kí n máa wò ó. Ooru tó kù ní ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ bọ̀ wá sí ẹnu. Mo rí i tí àwọ̀ irin náà ń yí, ó kọ́kọ́ funfun, ó wá dà bí koríko gbígbẹ, lẹ́yìn náà ó dà bí oyin. Bí àwọ̀ oyin ṣe dé ẹnu ọ̀bẹ, ó ti gbogbo rẹ̀ bọ omi.

"Irin kan ló wọ iná," ó wí, "ṣùgbọ́n méjì ló jáde. Ẹnu rẹ̀ ti le, ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀. Bí mo bá ju gbogbo rẹ̀ sómi nígbà tó pọ́n, tí mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tó bá já bọ́ lọ́wọ́ ẹ ló máa ṣẹ́. Bí n kò bá sì tì í bómi rárá, iṣu lásán ni yóò ká a lójú."

Mo bi í bóyá àwọn baba rẹ̀ náà máa ń so irin méjì pọ̀. Ó ní nígbà tí irin líle ṣọ̀wọ́n, bàbá òun máa ń la ẹnu àáké, á ki irin líle bọ àárín rẹ̀, á da iyanrìn sí i, á sì fi í sínú iná títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, kí ó tó fi ọmọ owú lù ú di ọ̀kan. Iyanrìn náà kì í ṣe àfikún lásán. Nínú iná tó gbóná tó bẹ́ẹ̀, ó máa ń yọ́, á sì kó ìpẹ́ tó bo irin, á ṣàn lọ, kí irin mímọ́ lè kan irin mímọ́.

Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí agogo kan tó rọ̀ mọ́ ògiri. Etí agogo náà ti là nígbà kan rí. Mo rí ibi tí ó ti fi idẹ dí i, ó ń dán yẹ́ríyẹ́rí lójú irin dúdú.

"Ojúbọ Ògún ni wọ́n ti gbé agogo yìí wá, ibẹ̀ náà ló sì ń padà lọ. Idẹ ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Ṣé Ògún kọ agogo rẹ̀?"

"Rárá o, Bàbá."

"Ó dáa. Lọ sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ."

Ifẹ̀ kò bẹ̀rù àdàlù

Bí mo ṣe ń bọ̀ nílé, mo ń rò ó pé kò yẹ kí ọmọ Ifẹ̀ máa bẹ̀rù ohun tí a so pọ̀. Ilé wa kún fún wọn.

Ẹ wo Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Òkúta ni, ó ga ju mítà márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n ìṣó irin tó lé ní 100 ni wọ́n gbá mọ́ ara rẹ̀. Ẹ wo ère òkúta tí a ń pè ní Ìdènà, tó wá láti Igbó Orẹ̀. Ìṣó irin ni wọ́n fi ṣe irun orí rẹ̀. Ẹ wo ẹdan Ògbóni, akọ àti abo. Idẹ ni ara rẹ̀, irin sì ni ìdí rẹ̀ tí à ń gún mọ́lẹ̀. Ta ló ti gbọ́ ọ rí pé ẹdan kì í ṣe ẹlẹ́rìí òtítọ́ nítorí pé idẹ àti irin pàdé lára rẹ̀?

Bàbà pàápàá kì í ṣe àlejò nílé yìí. Ìbòjú tí a mọ̀ mọ́ Ọbalùfọ̀n, bàbà ni, kì í ṣe idẹ. Nínú àwọn orí tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938, àwọn kan wà tó jẹ́ bàbà, tó sì jẹ́ pé àwọn tó mọ iṣẹ́ ìdà mọ̀ pé bàbà nìkan ṣòro dà ju idẹ lọ. Àwọn baba wa mọ irin kọ̀ọ̀kan, wọ́n mọ ìwà rẹ̀, wọ́n sì mọ ibi tó yẹ kí wọ́n lò ó.

Ní ti irin fúnra rẹ̀, ẹni tó bá wọ ààfin Ọọ̀ni yóò gbọ́ nípa Ògún Ládin, òkìtì irin ńlá kan tó rí bí ẹ̀kán omi. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ládin ni alágbẹ̀dẹ Odùduwà. Títí di òní, nígbà ọdún Ọlọ́jọ́, àgbà alágbẹ̀dẹ láti agbo ilé Ògúnládin ní ipa tirẹ̀ nínú ètùtù, irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ni ó sì máa ń mú wá. Ẹ kíyè sí i: irin tí ọwọ́ ènìyàn ti rọ ni Ògún ń gbà, kì í ṣe òkúta bí wọ́n ṣe wà á nínú ilẹ̀.

Àwọn tó ń yọ́ irin láyé àtijọ́ mọ ohun kan tí a ti gbàgbé. Lọ́dún 1904, òyìnbó kan tó ń jẹ́ C. V. Bellamy kọ ìròyìn nípa ilé ìyọ́rin kan ní abúlé Ola-Igbi nítòsí Ọ̀yọ́, níbi tí odidi abúlé ti ń ṣiṣẹ́ irin. Irú ìléru alámọ̀ bẹ́ẹ̀, irin tó ń tinú rẹ̀ jáde kì í dọ́gba. Apá tí èédú wọ̀ jù yóò le, apá tí kò wọ̀ yóò rọ̀, ìdàrọ́ á sì wà láàárín wọn. Alágbẹ̀dẹ ni yóò fi ọmọ owú lu ìdàrọ́ kúrò, tí yóò mọ èyí tó yẹ fún ọkọ́ àti èyí tó yẹ fún ọ̀bẹ. Inú oyún kan náà ni irin líle àti irin rírọ̀ ti ń wá. Àwa tí a ń ra irin ọjà, tó dọ́gba láti òkè délẹ̀, ni a rò pé irin gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwà kan.

Àdá òjé àti àdá irin

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sínú ìtàn tí gbogbo wa mọ̀. Nígbà tí àwọn òrìṣà ń bọ̀ wá sáyé, igbó kìjikìji dí wọn lọ́nà. Ọbàtálá yọ àdá tirẹ̀, òjé ni, ó fi ṣán igbó, àdá náà tẹ̀. Ògún yọ àdá irin, ọ̀nà là. Nítorí iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi pè é ní Ọ̀ṣìn Imọlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wa máa ń dúró síbẹ̀, a ó sì sọ pé líle borí rírọ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn Ògún kò parí síbẹ̀. Ògún yìí kan náà ló dé Ìrè, tó bá àwọn ènìyàn níbi àpéjọ tí wọn kì í ti í sọ̀rọ̀. Ó kí wọn, wọn kò dáhùn. Ó gbé agbè ẹmu, òfo ni. Ó rò pé wọ́n ń fojú tẹ́ òun ni, ó fa idà yọ, ó sì bẹ́ wọn lórí. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, tó mọ ohun tó fa ìdákẹ́jẹ́ náà, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ó kábàámọ̀, ó sì wọlẹ̀ lọ.

Bí mo bá fi ojú alágbẹ̀dẹ wo ìtàn méjèèjì, ohun tí mo rí nìyí. Ní ojú igbó, òjé nìkan kò tó: rírọ̀ tí kò ní líle tẹ̀. Ní Ìrè, irin nìkan kò tó: líle tí kò ní rírọ̀ lẹ́yìn ṣẹ́, ó sì ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn léṣe kí ó tó ṣẹ́. Ẹnu ọ̀bẹ ni Ògún, ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni sùúrù Ọbàtálá. N kò sọ pé Ifá kan ló wí bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni, mo sì gbé e síwájú ẹ̀yin awo kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ rántí bí a ṣe ń ṣàlàyé orúkọ Ògúndá náà: àwọn méjì ń jà sí ẹja kan, Ògún dé, ó fi àdá dá ẹja náà sí méjì, ó fún oníkálukú ní tirẹ̀. Àdá tó lè pa ènìyàn níbi ìjà ni ó fi parí ìjà. Irin náà kò yí padà. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló yàtọ̀.

Obì ló parí rẹ̀

Mo padà lọ bá àgbà tó dá ọ̀bẹ náà padà, èmi àti arákùnrin wa. A kí i, a sì dọ̀bálẹ̀. Mo rò fún un nípa ẹnu ọ̀bẹ tí omi mú le, nípa àáké àtijọ́, àti nípa agogo tí idẹ dí. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láì dá sí i. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, "O ti sọ ti alágbẹ̀dẹ. O ti sọ ti òyìnbó. Ó kù ká gbọ́ ti ẹni tó ni irin."

Wọ́n gbé obì àbàtà wá. Bàbá bomi sílẹ̀, ó pa obì, ó sì sọ ọ́ síwájú Ògún. Méjì ṣíjú, méjì dojú dé. Obì yàn.

Bàbá yí sí arákùnrin náà. "Ọmọ mi, ìbúra rẹ dúró. Ẹnu rẹ lo fi búra, irin kàn gbọ́ ọ ni, méjèèjì ló sì gbọ́. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí: má fi ọ̀bẹ yìí rúbọ ẹlẹ́jẹ̀. Wo ibi tó ti ń ká. Ẹ̀jẹ̀ á wọ ibẹ̀, oò ní lè fọ̀ ọ́ tán, á máa rùn, á sì jẹ irin náà. Ọ̀bẹ ẹbọ kì í ní ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń sá pamọ́ sí. Fi èyí sí ojúbọ, kí o sì lọ rọ òmíràn fún ẹran."

Mo rí i pé ìdájọ́ náà gún régé. Bàbá kò kọ irin méjì mọ́, kò sì torí pé obì yàn kó wá gbàgbé ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ọ̀bẹ tó ń ká ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ó dára fún àpò, ó dára fún ìbúra, ó dára fún gígé okùn àti bíbó ọsàn. Ọ̀bẹ tí a ó fi pa ẹran níwájú òrìṣà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí irin rẹ̀ wọnú èèkù lọ láì yẹ̀, tí a lè fi omi ṣàn mọ́ tónítóní.

Kí Ọlọ́jọ́ mìíràn tó dé

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀bẹ Amẹ́ríkà. Ọ̀bẹ ọjà tí kò lórúkọ ni, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń rà lẹ́bàá ọ̀nà lọ́jọ́ ọdún. Ó ń dán, èèkù rẹ̀ pupa, ṣùgbọ́n rírọ̀ ni gbogbo ara rẹ̀. Tí a bá fi dé ọrùn ẹran, a ó máa fà á lọ fà á bọ̀, ẹran á máa jẹ̀rora, ojú á sì máa ti ẹni tó ń bọ òrìṣà. Ẹ má jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹ mú fáìlì kékeré kan dání lọ sọ́jà. Ẹ fi ra ẹnu ọ̀bẹ jẹ́jẹ́. Bí fáìlì bá yọ̀ lórí rẹ̀, ẹnu náà le. Bí fáìlì bá jẹ ẹ́ wọlé kíákíá, kò sí irin ẹnu níbẹ̀, ẹ dá a padà.

Èyí tó dára jù ni kí ẹ lọ sí àgbẹ̀dẹ. Ẹ sọ fún alágbẹ̀dẹ pé ẹ fẹ́ kí ẹnu rẹ̀ le, kí ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀. Yóò mọ̀ pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń bèèrè, yóò sì ṣe é bí ó ti yẹ. Lẹ́yìn ẹbọ, ẹ fọ ọ̀bẹ náà, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi epo pupa pa á lára. Epo tí à ń ta sí Ògún lójú yìí, òun náà ló ń dènà omi àti atẹ́gùn kí ìpẹtà má bàa jẹ irin. Àwọn baba wa kò ya ẹ̀sìn sọ́tọ̀ kúrò lára ìtọ́jú.

Ẹ sì san owó alágbẹ̀dẹ dáadáa. Ọmọ iṣẹ́ tó ń fẹ́ ẹwìrì lọ́jọ́ tí mo lọ, òun nìkan ló wà níbẹ̀. Bàbá sọ fún mi pé àwọn mẹ́ta mìíràn ti lọ gun ọ̀kadà. Àwọ̀ oyin tí mo rí lójú irin yẹn, kò sí ìwé tó lè kọ́ ènìyàn bí ojú ṣe ń mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni ènìyàn ti ń kọ́ ọ, ọdún á sì gorí ọdún. Bí ẹ bá ní ọmọ tó fẹ́ràn iná àti irin, ẹ má lé e kúrò ní àgbẹ̀dẹ.

Ògún á gbè wá o. Kò ní jẹ́ kí á fi irin ṣe ara wa léṣe. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.